Ẹja Mélòó Ló Wà Níbẹ̀?

Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó gbé ìwé àwòrán wá bá yín lórí ibùsùn. Ẹ ṣí i, ẹja márùn-ún ló wà níbẹ̀. Kíá ló ti bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ wá bi í pé, "Ẹja mélòó ni?" Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Kì í ṣe olódo. Orin ni ònkà ṣì jẹ́ létí ẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé èyí tí òun kà kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Karen Wynn gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀ ní 1990. Ó ní kí àwọn ọmọ kó iye nǹkan ìṣeré kan fún òun. Àwọn tó kéré nínú wọn, tí wọ́n mọ ònkà lórí, kàn bu ẹ̀kúnwọ́ ni. Ọ̀kan ló máa ń kọ́kọ́ yé ọmọ, ó máa ń tó oṣù mélòó kan kí méjì tó yé e, kó tó wá kan mẹ́ta.

Níbí ní Ẹ̀pẹ́, ta ni yóò fi ẹja han ọmọ wa? Ó ń gbọ́ bí ìyá ẹ̀ ṣe ń kà á fún oníbàárà ní ọjà Olúwo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá yá, ojú ọmọ kò lè bá a. Lórí ibùsùn, kò sí oníbàárà tó ń kánjú.

Nítorí náà, ẹ di ìka ọmọ mú, ẹ fi kan ẹja kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń kà á. Bó bá fo ọ̀kan, tàbí tó ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ jọ tún un kà. Tí ẹ bá parí, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo wọn ká, ẹ ní, "Ẹja márùn-ún ni!" Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fò, òun gan-an ni mo sì torí ẹ̀ ṣe fídíò yìí.

Ẹ má dúró sórí méjì àti mẹ́ta o. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Elizabeth Gunderson àti Susan Levine, wo bí àwọn òbí ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé. Ní 2011, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ọmọ tí òbí wọn ń ka nǹkan tó wà níwájú wọn, pàápàá láti mẹ́rin dé mẹ́wàá, ni òye iye yé jù nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i.

Kò sí ìwé nílé? Ẹ ya ẹja sínú ìwé ìkọ̀wé: ẹyọ kan lójú ewé kìíní, méjì lójú ewé kejì. Bí ẹja yín bá jọ bàtà, ọmọ á ṣì kà á. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wàá ń bẹ lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń yé e? Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé àwo ẹ̀pà síwájú ẹ̀, ẹ ní kó fún yín ní mẹ́ta. Bó bá mú mẹ́ta tó sì dúró, ó kù kí ẹ béèrè mẹ́rin.