Ojú tó ṣì ń roni lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: oògùn iṣan, aago la fi ń mu ú

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ṣí fídíò yìí, mo mọ̀ pé ohun kan ló gbé e wá, bóyá ojú ẹ̀yin fúnra yín ló ń ro, bóyá ti ìyá yín ni, bóyá ti ọkọ yín, torí náà mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ojú tán, dókítà ní ó lọ dáadáa, ará ilé ti dúpẹ́, ẹ ti padà sílé, àmọ́ ojú yẹn ò gbà. Nígbà míì á dà bíi pé iná gbé yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, nígbà míì á máa ta yín, á máa jó yín, nígbà míì ẹ ó máa rò pé èèrà ló ń rìn lábẹ́ awọ yẹn, ẹ sì ti ń dá rò ó lóru pé àbí iṣẹ́ abẹ yìí ò ṣiṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí ná: pé ojú ṣì ń ro yín ò sọ pé iṣẹ́ abẹ yẹn ti bà jẹ́. Mo tún un sọ o. Ó ṣì ń ro yín, ìyẹn ò sọ pé ó ti bà jẹ́.

Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ojú lọ sí ọpọlọ ló ń fa wàhálà yìí, trigeminal ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣan karùn-ún ni nínú àwọn tó ti ọpọlọ jáde tààrà, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ya ẹ̀ka mẹ́ta: ẹ̀ka kan gba iwájú orí àti ẹyinjú, ìkejì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè, ìkẹta gba àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé atẹ́gùn fẹ́ sí yín lójú, òun náà ló sì ń bá yín jẹ oúnjẹ lẹ́nu. Èyí tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ pa ẹyinjú dé, iṣan keje nìyẹn, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ fi sọ́kàn torí a máa dé ibẹ̀ tó bá yá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wò mí tipẹ́ ti mọ̀ pé mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ iṣan kí n má fi wáyà iná ṣàlàyé, mo fẹ́ràn àlàyé yìí gan-an ni. Ẹ wo wáyà. Kọ́pà ló wà nínú, rọ́bà ló bò ó lára. Iṣan náà ní rọ́bà tiẹ̀, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, myelin lorúkọ ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ìrora trigeminal ń dà láàmú, òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló fara ti iṣan yìí nítòsí ibi tó ti wọ ọpọlọ, gbogbo ìgbà tí ọkàn bá ti lù ni òpó yẹn náà ń lù ú, tọ̀sán tòru, fún ọdún bíi mélòó kan, títí rọ́bà fi bó. Kọ́pà ti wà níta nìyẹn. Ẹ wá fọwọ́ kan ojú fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ẹ lanu láti sọ̀rọ̀, iná á fò láti ara wáyà tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn bọ́ sára wáyà tó ń gbọ́ ìrora, ọpọlọ á sì gbà pé nǹkan gún yín.

Dókítà á wá la ẹ̀yìn etí, á gbé òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn kúrò lára iṣan, á fi Teflon ṣe tìmùtìmù sáàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni, Teflon kan náà tí wọ́n ń fi bo inú páànù kí oúnjẹ má bàa lẹ̀. Peter Jannetta, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò, láti àwọn ọdún 1960 lọ. Ó dáa, òpó ẹ̀jẹ̀ ti kúrò. ṢÉ RỌ́BÀ TÓ TI BÓ LÁTI ỌDÚN MÉLÒÓ Á WÁ HÙ PADÀ LỌ́JỌ́ KAN ṢOṢO? Kò jọ ọ́. Àwọn kan á jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìrora ti lọ pátápátá, a bá wọn yọ̀. Àwọn míì, ó lè gbà á tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kódà ó lè di oṣù, kó tó máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtànṣán ni wọ́n fi ṣe tiyín, Gamma Knife, ẹ tún ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀sẹ̀ sí oṣù ni tiẹ̀ sábà máa ń gbà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tù yín. Tó bá sì jẹ́ eyín ni wọ́n yọ, tàbí egungun àgbọ̀n ni wọ́n tò, tí iṣan fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, iṣan tó ń hù padà kì í hù ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ lójúmọ́. Ẹ wá wọn láti ẹ̀yìn àgbọ̀n dé ètè, ẹ máa rí ìdí tí oṣù fi ń gorí oṣù.

Lọ́dún 1996, Jannetta àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àbájáde àwọn aláìsàn 1,185 jáde. Ọdún 10 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bíi 70 nínú 100 ni kò ní ìrora mọ́ tí wọn ò sì mu oògùn kankan. Èyí dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ ẹ tún wo apá kejì, àwọn tó kù wà níbẹ̀, wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bí iṣan tiwọn ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wà lára wọn, ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀ ń ṣe bí ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ kù, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ṣe la dé yìí.

Oògùn ni. Wọ́n á fún yín ní oògùn iṣan, irú bíi carbamazepine, tàbí gabapentin, pregabalin, àwọn míì amitriptyline. Ohun tí èèyàn ń ṣe ni pé, ó ń ro mí, mo mu ún, kò ro mí mọ́, mo gbé e sílẹ̀, bí ẹni ń mu paracetamol nítorí orí fífọ́. Rárá. Rárá o! Ìrora tó dà bí iná tó gbéni yẹn, láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí ìṣẹ́jú méjì ló ń lò, kí tàbúlẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ sáré gbé mì tó yọ́ nínú ikùn, ìrora yẹn ti wá, ó ti lọ, òmíràn sì lè ti dé. Oògùn yìí ò lé ìrora tó ti dé, ṣe ló ń jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ kí iṣan má bàa máa ta iná káàkiri, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó lè ṣe é. OÒGÙN IṢAN, AAGO LA FI Ń MU Ú. Ó ń ro yín, ẹ mu ún lásìkò. Kò ro yín, ẹ mu ún lásìkò. Ẹ ṣètò álààmù sórí fóònù, ẹ má fi ọpọlọ rántí, torí oògùn yìí fúnra ẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé nǹkan. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ má mu méjì pa pọ̀ láti fi san án.

Ìkejì tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara ti tù yín fún bí ọ̀sẹ̀ kan, inú yín dùn, ẹ wá da oògùn nù. Ẹ MÁ ṢE É. Ẹ MÁ DÁ OÒGÙN IṢAN DÚRÓ LÓJIJÌ. Ìrora yẹn lè padà wá pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé dídá carbamazepine tàbí gabapentin dúró lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí gìrì gbé èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi dókítà pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, ọ̀sẹ̀ yìí tó báyìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dín tó báyìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Tí ìrora bá tún yọjú lójú ọ̀nà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ mọ́, ẹ pe dókítà.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù nípa oògùn. Oorun á máa kùn yín, òòyì á máa kọ́ yín, ẹ má wakọ̀, ẹ má fi ọtí lé e. Carbamazepine lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, torí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ. Tí èélá bá sú yín lára, pàápàá tí ibà bá bá a rìn tàbí ẹnu bó, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀yin obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ sọ fún dókítà, torí carbamazepine lè sọ ọ́ di aláìlágbára.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí inú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, èmi ni mo wà pẹ̀lú ẹ̀. Tí ìrora bá dé, ó máa gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á dá a dúró sínú afẹ́fẹ́, bí ìka méjì sí ojú, kò ní jẹ́ kó kàn án. Láàárọ̀ ẹ máa bá a níwájú dígí, bọ́rọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́, omi ìfọyín ti ń kán sí i láyà, ẹnu ò sì lè ṣí. Ohun tó wá gbà á ni pé ó fi ìfọyín sí ẹ̀yìn ìgbà tí oògùn àárọ̀ bá ti wọlé sí i lára, bọ́rọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gan-an tí ọmọdé ń lò, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti apá tí kò ro ó. Ẹ má torí ìrora fi eyín sílẹ̀ láìfọ̀ o, tí eyín bá wá bà jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìrora ti di méjì, ẹ ò sì ní mọ èwo lèwo.

Oúnjẹ náà, asìkò tí oògùn wà lára jù ni kẹ́ ẹ jẹun, kó rọ̀, kó kéré lẹ́nu, kó má gbóná jù, kó má tutù jù. Tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ fi síkáàfù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí atẹ́gùn. Ẹ má dojú kọ fáànù sùn. Ẹ gbé orí ga díẹ̀ lórí pílò.

Ní ti kí ojú tún mọ́ ara ìfọwọ́kàn: tí awọ yẹn bá ń jó yín tàbí tí aṣọ kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ojú ọgbẹ́ ti jinná, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, ẹ mú òwú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dùn yín, ẹ máa fi rọra pa á lọ sí ibi tó ń dùn, ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Tó bá ti mọ́ra, ẹ bọ́ sórí aṣọ tó le díẹ̀. Àmọ́ tí ìfọwọ́kàn bá ń jẹ́ kí iná yẹn gbé yín, ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe tiyín, ẹ kàn máa bi iṣan yẹn nínú ni.

Àwọn kan, ibi kan lójú wọn ti kú, wọn ò mọ nǹkan níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń ro wọ́n níbẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi yín ṣe ẹlẹ́yà, orí yín pé. Àmọ́ ẹ má gbé omi gbígbóná tàbí yìnyín sí ojú tó ti kú, ó máa jó yín kẹ́ ẹ tó mọ̀. Tí ẹyinjú náà ò bá mọ nǹkan lára mọ́, ẹ máa wò ó nínú dígí lójoojúmọ́, torí ìdọ̀tí lè wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ má mọ̀, tó bá pọ́n tàbí tó ń ríran bàìbàì, dókítà ojú, LÓNÌÍ, kì í ṣe lọ́la.

Omi mímọ́ tó ń jò láti imú tàbí láti ojú ọgbẹ́, tàbí ẹ̀ ń tọ́ iyọ̀ wò ní ọ̀fun, ibà pẹ̀lú ọrùn tó le gan, orí fífọ́ tó ń pọ̀ sí i tí èébì tẹ̀ lé, etí tó di lójijì, ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí ẹyinjú tí ò pa dé (ẹ rántí iṣan keje tí mo sọ), ẹ má dúró wo bó ṣe máa rí, ọsibítù ni.

Ẹ gbọ́, ìrora tí ẹlòmíì ò fojú rí, èèyàn nìkan ló máa ń dá ru ẹrù ẹ̀. Tí ọkàn bá ti ń sọ fún yín pé kí lẹ̀ ń wà láyé fún, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, ẹ sì sọ fún dókítà náà, torí ó wà lára ohun tí wọ́n lè tọ́jú.

Kẹ́ ẹ tó padà lọ rí dókítà, ẹ máa kọ bí ìrora ṣe ń wá sórí fóònù: aago mélòó ló dé, kí lẹ̀ ń ṣe nígbà náà, ṣé bí iná tó gbéni ni àbí ó ń jó, ẹ̀ka wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà tó bá rí i báyìí á mọ̀ bóyá oògùn ló yẹ kó yí. Tí ìrora bá ti lọ fún oṣù mélòó kan tí èyí tó dà bí iná yẹn wá padà gẹ́lẹ́ bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó yẹ kí wọ́n tún ya àwòrán MRI, àti ọ̀nà míì tó wà, torí ó wà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ bá iṣan yẹn wà, ìtànṣán wà, iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì náà wà.