Ìbọn Onígi Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì: Bí Boys' Brigade Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo báàjì Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin Kristẹni, dáadáa. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ló wà níbẹ̀, Hébérù 6:19 sì ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yọ: ìrètí “tí ó dájú, tí ó sì dúró ṣinṣin.” Àgbélébùú pupa tó wà lẹ́yìn ìdákọ̀ró yẹn ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A máa padà síbẹ̀.

Glasgow, ní Scotland, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ní October 4, 1883. William Alexander Smith ń kọ́ni ní Sunday School, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ológun olùyọ̀ǹda. Lójú àwọn ọmọkùnrin tó ti ń bàlágà, Sunday School ti di ti ọmọ kéékèèké; apá olùkọ́ ò sì ká wọn mọ́. Smith bá gbé dírìlì, ìyẹn yíyan bíi ti ológun, wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún 12 sí 17 ló ń gbà. Fìlà roboto kékeré, bẹ́líìtì àti àpò àgbékọ́ ni yunifọ́ọ̀mù. Orí aṣọ ara wọn ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, kí ọmọ tálákà náà lè rí i wọ̀. Ìbọn onígi ni wọ́n fi ń yan.

Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ wọn? Ìwé òfin wọn ní ìwà ọkùnrin Kristẹni tòótọ́ ni, ó sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀: ọ̀wọ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu, iyì ara ẹni. Ọdún 1893 ni wọ́n tó fi ìgbọràn kún un. Ẹ tún un kà. Ìyá wo ni kì í fi gbogbo ìyẹn kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin? Ọmọlúàbí là ń pè é, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ìdí ìbọn yẹn nìkan ni “ọkùnrin” wà. Àní, ọdún 1893 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Girls' Brigade fún àwọn ọmọbìnrin ní Dublin, ní Ireland.

Ìbọn náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní ẹ ń sọ ọmọ di sójà. Ní 1899, wọ́n dá Boys' Life Brigade sílẹ̀: dípò ìbọn, bí a ṣe ń gba ẹ̀mí là ni wọ́n ń kọ́, bíi kí wọ́n fi àkéte gbé ẹni tó fara pa. Ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan ní 1926. Ìbọn ò bá wọn débẹ̀. Àgbélébùú pupa àwọn agbẹ̀mílà ló bá wọn dé, òun ló wà lẹ́yìn ìdákọ̀ró yìí.