A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nílé lóko. Èmi nìkan ni mo jókòó lálẹ́ yìí, ní London.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ du, ló ń mú mi yẹ òwe náà wò.

Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ní Kamẹrúùnù ló ni ilẹ̀ náà. Inú bí mi gan-an. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì bá ara wọn ṣe ní 1913 ni wọ́n gbé ìdájọ́ kà. Ta ló bi àwọn apẹja Efik léèrè lọ́dún náà? Adájọ́ 13 fara mọ́ ọn, àwọn 3 kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn 3 ni Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu. Nàìjíríà ló yàn án síbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ orí mi wú.

Ohun tí bàbá yẹn ṣe lẹ́yìn náà ló rọ̀ mí lọ́kàn. Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, pẹ̀lú Ọbásanjọ́ àti Paul Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Wọ́n á jókòó ní Yaoundé, wọ́n á tún jókòó ní Àbújá. Ta ló ṣáájú àwọn aṣojú Nàìjíríà? Ajíbọ́lá kan náà ni! Ẹni tí kò gbà ní Hague ló tún lọ ń bá Kamẹrúùnù wá ojú ààlà. Èmi ò lè ṣe é, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Lóṣù kẹfà ọdún 2006, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn bí Nàìjíríà yóò ṣe kúrò ní Bakassi, ní Greentree, ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn sójà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lóṣù kẹjọ. Nígbà tó di 2008, Nàìjíríà fa Bakassi lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ tán, ní Calabar. Ogun ò bẹ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní bárékè lẹ mọ bí ìyẹn ti tó.

Ọmọ Calabar ni obìnrin tó ń bá mi dirun ní Peckham. Apẹja ni àbúrò bàbá rẹ̀ ní Bakassi. Ikang ní Nàìjíríà ló kó wá, sí etí omi tí kò mọ ẹja inú rẹ̀. Mo bi í bóyá ì bá wù ú kí Nàìjíríà jagun. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Rárá, àǹtí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kí ẹnì kan ti wá jókòó ti àwọn bàbá wa nínú ọkọ̀ ojú omi."

Mi ò rí èsì fún un títí ó fi dirun mi tán.