Mi Ò Lè Sọ̀ Kalẹ̀ Wá: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 6:1–16

Àkọ́sórí: "Èmi ń ṣe iṣẹ́ ńlá kan, èmi kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá." (Nehemáyà 6:3)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ kú ojúmọ́, ojúmọ́ ire. A sùn, a jí, kì í ṣe agbára wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ẹ̀rọ Singer tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà ni wọ́n ń lò, kùtùkùtù ni wọ́n sì máa ń jókòó tì í, kí oníbàárà tó dé. Tí wọ́n bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, wọ́n á fi eyín ké orí òwú náà, wọ́n á fi itọ́ díẹ̀ pa á, wọ́n á fi ìka méjì lọ́ ọ títí yóò fi mú ṣóńṣó, wọ́n á wá di ojú kan, wọ́n á sì dá èémí dúró. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó lè kí wọn kí wọ́n dáhùn. Ẹ sì mọ bí ìkíni ṣe jẹ́ nílẹ̀ wa: ẹni tí a kí láàárọ̀ tó dákẹ́, ìjà ti dé nìyẹn. Síbẹ̀, aládùúgbò á kọjá, á ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ káàárọ̀ o," ilé á pa lọ́lọ́. Òwú á wọlé, wọ́n á fà á gba òdì kejì, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí sókè: "Ẹ máà bínú o, ẹ káàárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ jí?" N kò rí ẹni tó bá wọn jà lórí rẹ̀ rí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé tí wọ́n bá dáhùn, ọwọ́ á gbọ̀n, òwú á yẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí fífi eyín ké òmíràn.

Abẹ́rẹ́ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ka Nehemáyà orí kẹfà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin yìí dáadáa. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe wòlíì. Agbọ́tí ọba ni, ní ààfin Ṣúṣánì nílẹ̀ Páṣíà. Oṣù Kísíléfì ló gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, pé iná ti jó àwọn ẹnubodè rẹ̀. Ó jókòó, ó sunkún, ó gbààwẹ̀. Oṣù Nísánì ni ọ̀rọ̀ náà tó dé etí ọba. Bí oṣù mẹ́rin ló wà láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló sì ń gbé lọ síwájú Ọlọ́run. Nígbà tí ọba wá bi í pé kí ló ń fẹ́, ẹ wo ohun tó ṣe ní orí kejì, ẹsẹ kẹrin: "Bẹ́ẹ̀ ni mo gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run." Ọba ń wò ó lójú o! Kò lè kúnlẹ̀, kò lè ní kí Kábíyèsí ní sùúrù ná. Láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn ló ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tán.

Mo fẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àwọn tó ń gbé orí òkè àdúrà nìkan ló lè ní ọkàn tó dúró ti Ọlọ́run. Ẹnu iṣẹ́ ni ọkùnrin yìí wà. Aláta lè ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ nídìí igbá rẹ̀, awakọ̀ lè ní in nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, olùkọ́ lè ní in níwájú ọmọ ọgọ́ta tó ń pariwo. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Àdúrà ìṣẹ́jú àáyá kan tó gbà níwájú ọba yẹn, oṣù mẹ́rin tó ti lò ní kọ̀rọ̀ ló bí i. Ẹni tí kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ilé, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wàhálà bá dé lójijì.

Ó dé Jerúsálẹ́mù, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé orí kẹfà, odi ti dúró, kò sí àlàfo kankan mọ́, ilẹ̀kùn àwọn ẹnubodè nìkan ni wọn kò tíì gbé ró. Ìgbà yẹn gan-an ni Sáńbálátì àti Géṣémù, àwọn ọ̀tá tí kò fẹ́ kí odi náà parí, ránṣẹ́ sí i: "Wá, jẹ́ kí á jọ pàdé nínú ọ̀kan nínú àwọn ìletò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ónò." Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí. Wọn ò ní kó wá bọ òrìṣà. Wọn ò ní kó wá jalè. Ìpàdé ni wọ́n pè é sí. Ta ni wọ́n á fi ọ̀wọ̀ pè sí ìpàdé tí kò ní lọ? Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ibi ni wọ́n ń gbèrò sí òun. Kó tó dé Ónò, lápá Lódì lọ́hùn-ún, kó tó ṣèpàdé, kó tó padà, ọwọ́ àwọn tó ń mọ odi á ti rọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló sì fún wọn ní èsì kan náà. Kò wá àwáwí tuntun, kò ṣàlàyé gbọọrọ. Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún dé pẹ̀lú lẹ́tà tí wọn ò lẹ̀ pọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á: wọ́n ní ó fẹ́ fi ara rẹ̀ jọba. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára tí wọ́n bá purọ́ mọ́ni, bí ara ṣe máa ń gbóná láti ju iṣẹ́ sílẹ̀ ká lọ tún orúkọ ara wa ṣe. Nehemáyà ní irọ́ ni, ó yíjú sí Ọlọ́run pé, "Mú ọwọ́ mi le," ó padà sídìí iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Ṣemáyà, tí wọ́n ti fi owó bẹ̀ lọ́wẹ̀, wá fi àsọtẹ́lẹ̀ bojú: kó sá wọ tẹ́ńpìlì, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Nígbà tí ìpè ayé kò mú un, wọ́n fi ìpè ẹ̀sìn pè é. Kò lọ.

Ọjọ́ 52 ni odi náà gbà. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Élúlì ló parí.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ónò tèmi, abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. Mo jí lọ́jọ́ kan ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, mo ti pinnu láti alẹ́ pé wákàtí kan gbáko ni màá lò pẹ̀lú Ọlọ́run. Iná ò sí. Mo tan fóònù kí n lè fi iná rẹ̀ wá Bíbélì. Mo rí Bíbélì, mo ṣí i sí Sáàmù 63, mo gbé e lé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan sì ti wọlé lórí WhatsApp: àwọn ẹbí ń jiyàn lórí àwọ̀ ankárá tí a máa wọ̀ síbi ìsìnkú kan. Mo ní kí n dáhùn kíákíá kí n tó kúnlẹ̀. Ẹnì kan fèsì, mo tún fèsì. Ẹlòmíràn fi fídíò ránṣẹ́. Nígbà tí mo máa gbórí sókè, ojú fèrèsé ti funfun, ọmọ mi kékeré dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́, ó ń wá ìkejì. Bíbélì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, níbi tí mo ṣí i sí: "Ọlọ́run, ìwọ ni Ọlọ́run mi, ní kùtùkùtù ni èmi yóò máa ṣe àfẹ́rí rẹ." Ojú tì mí. Mo jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìbọ̀sẹ̀.

Mo wá a títí, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo lè tọ́ka sí nínú wákàtí yẹn. N kò bú ẹnikẹ́ni, n kò wo ìwòkuwò. Mo kàn sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ lára wa ni Sátánì kò ní láti fi àgbèrè tàbí owó èrú mú. Ohun kéékèèké tí kò burú ló fi ń fà wá sọ̀ kalẹ̀, lójoojúmọ́, títí odi á fi wà láìnílẹ̀kùn. Jákọ́bù pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oníyèméjì, ó ní aláìdúró ni ní ọ̀nà rẹ̀ gbogbo.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ yìí gba ibòmíràn. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń pe àìláàánú ní ìfọkànsìn. Ìyá wọn ń ṣàìsàn, wọ́n ní àwọn wà lórí òkè. Ẹ padà sí Nehemáyà orí karùn-ún. Odi kò tíì parí nígbà tí àwọn tálákà kígbe pé àwọn ti fi oko dógò nítorí oúnjẹ, pé àwọn ọmọ àwọn ti di ẹrú nítorí gbèsè. Ọkùnrin tí kò lọ sí Ónò yìí kan náà bínú gidigidi, ó pe àpéjọ ńlá, ó sì mú kí àwọn ọlọ́lá dá oko àti ilé padà. Igbe ẹni tí ìyà ń jẹ kì í ṣe ìdíwọ́ fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Nígbà tí wòlíì Èlíṣà rán Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀ sí ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù tó ti kú, ó ní bó bá pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà, kó má kí i, bí ẹnikẹ́ni bá sì kí i, kó má dá a lóhùn. Nítorí ọmọ tó kú ni kò fi gbọ́dọ̀ dúró kí ènìyàn, kì í ṣe nítorí ìgbéraga.

Bíbélì tí a ń kà lédè wa pàápàá, ọwọ́ tí kò rọ ló fún wa. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀, ó sì jó ìwé tó ti fọwọ́ kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ́ ọn. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbàkígbà tí mo bá ṣí i láàárọ̀, mo máa ń rántí eérú ìwé wọ̀nyẹn.

Kí ni iṣẹ́ ńlá tí Ọlọ́run gbé lé ọ lọ́wọ́ ní àsìkò yìí? Ó lè jẹ́ ọmọ tí ò ń tọ́. Ó lè jẹ́ ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú, tàbí ọkàn ọkọ rẹ tí ò ń bẹ Ọlọ́run fún. Pe orúkọ rẹ̀ jáde níwájú Ọlọ́run láàárọ̀ yìí, kí o sì pe orúkọ Ónò tìrẹ náà, torí o mọ̀ ọ́n. Aísáyà 26:3 wí pé, "Ìwọ yóò pa á mọ́ ní àlàáfíà pípé, ọkàn ẹni tí ó sinmi lé ọ." Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá mi, mo dúpẹ́ fún oorun àná àti ìjí òní. Mo dúpẹ́ pé mi ò sú yín, bí mo tilẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ṣòfò. Ẹ gbọpẹ́ mi, ní orúkọ Jésù.

Olúwa, ẹ dárí jì mí. Mo pe àìráyè ní iṣẹ́, mo pe ariwo ní ìsìn. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ ọkàn mi.

Bàbá, ẹ so ọkàn mi pọ̀ ṣọ̀kan. Dáfídì ní ohun kan ni òun ń tọrọ lọ́dọ̀ yín, òun náà ni òun yóò máa wá kiri. Ẹ mú ohun púpọ̀ tó ń fà mí káàkiri kúrò, kí ohun kan yẹn lè jọba láyé mi.

Ẹ̀mí Mímọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpè Ónò àti igbe tálákà hàn mí. Ẹ má jẹ́ kí n fi àdúrà sá fún ìfẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n fi iṣẹ́ sá fún àdúrà.

Gbogbo ohùn tó ń pè mí sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó ku ilẹ̀kùn nìkan, mo kọ̀ wọ́n ní orúkọ Jésù. Irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ mi kò ní gbé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Àsọtẹ́lẹ̀ èké kò ní já mi láyà. Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ nínú Ọlọ́run, mi ò ní fi í sílẹ̀ láàbọ̀.

Olúwa, ẹ rántí ẹni tó ń ka èyí lórí ibùsùn àìsàn, àti ẹni tí àníyàn owó ilé kò jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ fi àlàáfíà pípé yẹn ká ọkàn wọn mọ́. Ẹ pèsè fún wọn kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ẹ fún àwọn ọmọ wa ní ọkàn tó dúró. Nínú kíláàsì, lójú pópó, níbi tí ojú wa kò tó, kí wọ́n máa rántí yín.

Ọlọ́run, ẹ mú ọwọ́ mi le lónìí. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Àdúrà yìí kò tíì tán o, ó ku tìrẹ. Dojú fóònù náà délẹ̀ báyìí, kí o sì máa bá a lọ.