Ihò Òkété Òkè Líbíà: Bí Ọwọ́ Ítálì Ṣe Tẹ Omar al-Mukhtar

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wo fọ́tò yìí dáadáa. Bàbá onírùngbọ̀n funfun, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọ̀gá ológun Ítálì tò yí i ká bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n. Omar al-Mukhtar nìyẹn, ẹni tó ṣáájú àwọn ará Líbíà bá Ítálì jà. Àáfà ni, kéwú ló ń kọ́ ọmọdé kí ogun tó dé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931 lọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, bàbá sì ti tó ẹni àádọ́rin ọdún.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1911, Ítálì lọ gba Trípólì lọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ọmọ ogun wọn kan, Giulio Gavotti, fi ọwọ́ ju bọ́ǹbù láti inú bàálù sílẹ̀ ní Ain Zara, nítòsí Trípólì. Ẹnikẹ́ni ò ṣe irú rẹ̀ rí nínú ogun. Orí àwa ará Áfíríkà ni wọ́n ti dán an wò! Lọ́dún 1912, Tọ́kì bá Ítálì tọwọ́ bọ̀wé, ó kó ẹrù rẹ̀. Ítálì rò pé ó parí. Ta ló sọ fún wọn?

Ó yá, ibi tí ẹ máa ń ṣì í rèé. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ìtàn yìí ni ẹnìkan máa ń ní, “Ṣebí aṣálẹ̀ ló gba Omar àtàwọn ènìyàn rẹ̀ là, inú iyanrìn ni wọ́n sá sí.” RÁRÁ O! Òkè tí Omar ti jà, ní ìlà-oòrùn Líbíà, Jebel Akhdar ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òkè eléwé tútù. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, igbó wà, ihò àpáta wà. Òkè náà gan-an kọ́ ló sì gbà á là. ÈNÌYÀN NI! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fo ibí yìí, ẹ padà wá. Àwọn ará òkè náà tí wọ́n ti túúbá fún Ítálì lójú ọ̀sán, tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn náà ló ń kó sákà, ọkà, ẹṣin àti ọta ìbọn lọ fún Omar. Ọ̀sán ti Ítálì, òru ti bàbá. Ẹgbẹ́ Sànúsí, ìjọ Mùsùlùmí kan, ló so wọ́n pọ̀ (bẹ́ẹ̀ ni, Sànúsí, orúkọ tí aládùúgbò yín ń jẹ́ yẹn náà), pẹ̀lú àwọn ilé kéwú wọn tó tún jẹ́ ilé àlejò, tó tún jẹ́ ibi ìparí ìjà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń dẹ òkété. O lè fín èéfín sí ihò rẹ̀ títí ojú á fi bó, bí o ò bá dí ẹ̀bùrú, òfo ni. Òkété ti gba ẹ̀yìn lọ, ìwọ ń wúkọ́ níbẹ̀! Ohun tó ṣe Ítálì fún ọdún gbọọrọ nìyẹn.

Lọ́dún 1930 ni Graziani, ọ̀gágun Ítálì, dé, ó sì mọ ẹ̀bùrú. Ó ti àwọn ilé kéwú Sànúsí pa, ó gba dúkìá wọn. Ó wá kó àwọn ará òkè náà, nǹkan bí 100,000, tọmọdé tàgbà, tàwọn tẹran ọ̀sìn, lọ sínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà yí ká: el-Agheila, Soluch, el-Magrun àti àwọn mìíràn. Ẹ gbọ́ mi o: kì í ṣe jagunjagun ló kó. ÌYÁ ỌMỌ NI! DARANDARAN NI! Ebi àti àìsàn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran wọn sì kú.

Íjíbítì tí oúnjẹ àti ìbọn ń gbà wọlé ńkọ́? Graziani fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ẹnubodè náà, láti etí òkun ní Bardia títí dé Jaghbub láàárín aṣálẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 270. Kufra, ibi olómi inú aṣálẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n gbà á ní oṣù Kìíní ọdún 1931. Ihò dí pátápátá.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, ẹṣin ṣubú lábẹ́ Omar nítòsí Slonta, wọ́n mú un. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹjọ́ ní Benghazi. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, igi. Ọjọ́ kan péré! Ibo ni wọ́n sì ti yẹgi fún un? Soluch, níbi tí àgọ́ wà, lójú àwọn tó ti ń bọ́ ọ lóru. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni wọ́n kó wá wò ó.

Ẹ padà sí fọ́tò wa. Lọ́dún 2009, Gaddafi, olórí Líbíà nígbà náà, sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Róòmù, Berlusconi, olórí ìjọba Ítálì, ló wá pàdé rẹ̀. Fọ́tò yìí gan-an, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ló lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ ológun Gaddafi.