Òùngbẹ ló ń pa wọ́n, kì í ṣe àǹjọ̀nú: ìnira àwọn tó ń wá wúrà ní òkè Superstition

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ òkè Superstition tó wà ní ìpínlẹ̀ Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, la fẹ́ sọ lónìí. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ìlú Phoenix, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀ lọ ti kúrò láàárín èèyàn. Ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ tó nǹkan bíi 650 kìlómítà níbùú-lóròó, kò sí ọ̀nà mọ́tò, kò sí ilé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í sábà dé àárín àwọn àfonífojì rẹ̀.

Jacob Waltz, ọmọ Jámánì, kú ní Phoenix lọ́dún 1891. Wọ́n ní kó tó kú, ó júwe ibi tí wúrà òun wà lórí òkè yìí fún Julia Thomas, obìnrin tó tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà lọ wá a ní 1892, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀, tí àwọn kan kò sì padà. Àwọn tó gbọ́ a ní àǹjọ̀nú ló ń ṣọ́ wúrà náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láàárín June sí August, tí oòrùn wọn máa ń mú jù, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40°C. Ẹni tó ń gun òkè nínú irú ooru yẹn lè làágùn tó lítà 1 ní wákàtí kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì nìyẹn. Bó bá rin wákàtí 8 lóòjọ́ fún ọjọ́ 3, ó ti di lítà 24, lítà 1 sì jẹ́ kílò 1. Ó kù díẹ̀ kó pé ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, kò sì tíì gbé oúnjẹ, aṣọ òtútù tàbí ṣọ́bìrì. Bí ẹrù ṣe ń wúwo sí i ni òógùn ń pọ̀ sí i. Omi tí èèyàn lè gbé kò tó o, èyí tó sì máa tó o kò ṣeé gbé.

Atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ débi pé òógùn kì í dúró lára. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára n'Íbàdàn, ẹ̀wù rẹ̀ á rin gbingbin, á sì mọ̀ pé òun ń làágùn. Nínú aṣálẹ̀, ẹ̀wù gbẹ, ara gbẹ, iyọ̀ funfun nìkan ló máa hàn lẹ́yìn aṣọ. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, itọ́ á ki, ìtọ̀ á pọ́n. Bí ooru inú ara bá kọjá 40°C, ọpọlọ á dà rú. Èyí ni mo kà sí ìnira tó burú jù, nítorí làákàyè tó yẹ kó sọ fún èèyàn pé "padà sílé" ni ooru ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gbé báàgì sílẹ̀ kó máa rìn lọ, ó lè jókòó sínú oòrùn kó máa sọ ìsọkúsọ. Ẹni tó sì ń da omi mu láìjẹ ohunkóhun tó níyọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí gìrì á fi mú un.

Ní July 2010, ọkùnrin mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ Utah wọlé lọ wá wúrà yìí. July! January 2011 ni wọ́n tó rí òkú wọn. Ṣáájú wọn, ní June 1931, Adolph Ruth wọlé, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. December ni wọ́n rí agbárí rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn bóyá ìbọn ló pa á, ṣùgbọ́n inú ewu ló ti wà kí ẹnikẹ́ni tó yọ ìbọn.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jà. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cholla. Fara kàn án fẹ́rẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ á já lé ọ lára. Ìkọ́ tín-ín-tìn-ìn-tín tó kọjú sẹ́yìn wà lára ẹ̀gún náà: ó ń wọlé wẹ́rẹ́, ó ń fa ẹran bọ̀ bó bá ń jáde. Bí o bá fi ọwọ́ kejì fà á, ọwọ́ ọ̀hún náà á há. Òòyà làwọn tó mọ ibẹ̀ ń kó sápò. Wọ́n á ki eyín rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ka náà, wọ́n á sì ta á nù lẹ́ẹ̀kan.

Òkúta tó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tún wà, paramọ́lẹ̀ tó ń mi ìrù wà, àti àgbàrá òjijì: òjò rọ̀ lórí òkè tó jìnnà, omi ya wọ odò gbígbẹ tí èèyàn sùn sí. Ní òtútù, òru ibẹ̀ lè mú omi dì.

Ó sì dùn mí pé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti sọ ọ́ pé òkúta òkè ayọnáyèéfín ló pọ̀ níbẹ̀, irú èyí tí wúrà kì í sábà sí nínú rẹ̀. Láti 1984 náà ni òfin kò ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti sàmì sí ibi ìwakùsà tuntun níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ fojú rí i, kó lọ láàárín November sí March, kó má dá lọ, kó sọ ọ̀nà tó máa gbà àti ọjọ́ tó máa dé fún ará ilé rẹ̀. Bí omi rẹ̀ bá ti kù ìdajì, kó yí padà, kódà bó bá ti ń wo òkúta Weavers Needle tí wọ́n ní wúrà náà wà nítòsí rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.