Òkété bá ẹ tan ju asín lọ: bí wọ́n ṣe ń tún ìdílé àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú pín

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àtàwọn tíṣà bàólọ́jì wọn sọ lÓṣogbo níbí nìyí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tí ò ráàyè wá lè rí i kà, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ má retí gírámà ńlá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òkété. Ká ní mo gbé òkété kan àti asín kan sórí tábìlì, èmi náà wá dúró tì wọ́n, mo ní kẹ́ ẹ yọ ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí kúrò nínú àwa mẹ́ta, èmi lẹ máa yọ. Ta ni ò ní yọ mí? Òkété nírù, asín nírù, eku lẹ máa pe àwọn méjèèjì. Àmọ́ lójú sáyẹ́ǹsì òde òní, asín ló yẹ kẹ́ ẹ yọ o. Òkété bá èmi àti ẹ̀yin tan ju bó ṣe bá asín tan lọ, asín ní tiẹ̀ sì sún mọ́ àdán, ajá àti màlúù ju bó ṣe sún mọ́ òkété. Bí mo ṣe sọ èyí, gbogbo họ́ọ̀lù pariwo, ìyá kan tó jókòó níwájú ní òun ò bá òkété tan rárá, òun ń jẹ ẹ́ ni.

Kò sí ẹ̀yà tí kì í pín ẹranko. Eku, ẹyẹ, ẹja, ẹran làwọn bàbá wa fi pín in, ó sì wúlò fún wọn. Àdán nìkan ló dá wàhálà sílẹ̀, ó dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Àwọn òyìnbó náà ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Carl Linnaeus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé ìwé tó fi pín ohun abẹ̀mí jáde ní 1735, ó sì fi àbùùbùtán sáàárín ẹja. Nígbà tó fi máa di ẹ̀dà kẹwàá ní 1758, ó ti yọ àbùùbùtán kúrò níbẹ̀, ó kó o wá sáàárín àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú, ó sì fún gbogbo wọn ní orúkọ tá a ṣì ń lò dòní, Mammalia. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yẹn kan náà ló ti kó àdán pọ̀ mọ́ èèyàn àti ọ̀bọ, torí pé eyín iwájú àti ọmú méjì tó wà láyà ló ń wò. Ìkookò tí òyìnbó ń pè ní hyena sì rèé, ó ní ajá ni. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá rí ìkookò kó má pè é lájá, kí tiẹ̀ ni? Ó bá ológbò tan ju bó ṣe bá ajá tan lọ.

Kì í ṣe pé Linnaeus ò mọṣẹ́. Ohun téèyàn bá yàn láti wò ló máa sọ irú ìdílé tó máa rí. Ẹ la ẹnu ehoro wò, ẹ máa rí eyín méjì gbọọrọ níwájú lókè, àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn wọn dáadáa, eyín kékeré méjì míì sá pa mọ́ síbẹ̀. Ọ̀yà ò ní in, òkété ò ní in, eku ilé ò ní in. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ka ehoro mọ́ eku, kí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gidley tó sọ ní 1912 pé kí wọ́n jẹ́ kó dá dúró, ó sì dá dúró lóòótọ́. Ìgbà tí àyẹ̀wò DNA, àkọsílẹ̀ inú ara tọ́mọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, wá dé, ó ní ehoro yàtọ̀ sí eku o, àmọ́ nínú gbogbo ẹranko afọ́mọlọ́mú, kò sí ẹni tó sún mọ́ eku tó o. Ẹni tẹ́ ẹ lé jáde nílé ti padà wá ń gbé ní ojúlé kejì.

DNA yìí, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Òbí ń dà á kọ fún ọmọ, àṣìkọ á sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà mọ̀ ọ́n: tọ́mọ mẹ́ta bá ṣi ọ̀rọ̀ kan náà kọ lójú kan náà nínú ìdánwò, ẹ ti mọ̀ pé ibì kan náà ni wọ́n ti wò ó. Bí wọ́n ṣe ń mọ àwọn ẹranko tó bá ara wọn tan náà nìyẹn.

Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti ọ̀fàfà. Àwọn tó bá gbé lẹ́bàá igbó mọ ohùn ẹ̀ lóru, ẹran tí ò tóbi ju ehoro lọ. Ní 1766, nígbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Pallas fún mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tó ń gbé orí àpáta ní gúúsù Áfíríkà lórúkọ, àárín àwọn eku ló fi í sí. Onímọ̀ míì, Cuvier, ló yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wo egungun ẹ̀, ó rí i pé ti ẹlẹ́sẹ̀ pátákò ló jọ. Ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, èékánná tó dà bíi pátákò kéékèèké ló wà níbẹ̀, eyín iwájú òkè ẹ̀ sì ń hù jáde gbọọrọ, eyín iwájú òkè yẹn kan náà ló di eyín ńlá lẹ́nu erin. DNA wá parí ẹ̀: erin, ọ̀fàfà àti mánátì inú omi, ilé kan ni wọ́n. Ní 1998 ni wọ́n gbé orúkọ Afrotheria jáde fún ìdílé tó gbòòrò tó kó wọn mọ́ra, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni orísun wọn. Àwọn ẹran kéékèèké ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ti ń kà mọ́ asín tẹ́lẹ̀, nínú Insectivora, ibi tí wọ́n ń da gbogbo ẹran kékeré tó ń jẹ kòkòrò sí. Ìdílé yẹn ti tú ká báyìí, àmọ́ ọmọ kan fi ìwé ẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀ gbàgàdà.

Ẹ má wá rò pé DNA nìkan ló ń jàre. Àwọn oní-DNA ti ń sọ láti nǹkan bí 1990 sí 1999 pé erinmi ni mọ̀lẹ́bí àbùùbùtán tó sún mọ́ ọn jù, àwọn tó ń wo egungun ò gbà. Tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àgbò nígbà Iléyá, egungun kékeré kan wà ní kókósẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ wò ó, orí ẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ló rì wọnú láàárín. Àwọn ẹran tí pátákò wọn là sí méjì, ìdílé tí àgbò, màlúù àti erinmi wà, nìkan ló ní in bẹ́ẹ̀. Ní 2001, wọ́n kéde pé àwọn rí egungun yẹn gan-an lára àbùùbùtán ayé àtijọ́ tó ṣì lẹ́sẹ̀, nílẹ̀ Pakistan. Àríyànjiyàn rọlẹ̀.

Tíṣà kan wá dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń tàn wá? Ohun tẹ́ ẹ ní ká kọ́ lánàá lẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí." Ìbéèrè gidi. Mo ní ẹran ò yí padà, irun àti ọmú tí wọ́n fi dá wọn mọ̀ ò yí padà, ẹni tó bí wọn ló wà níbẹ̀ látọjọ́, àwa là ń wádìí ẹ̀. Ní 1993 wọ́n ka ẹ̀yà ẹranko afọ́mọlọ́mú 4,629, ní 2005 ó di 5,416, ní 2018 ó di 6,495. Wọ́n rí àwọn tuntun nígbó lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn kan ti sọ ọ́ di eré náà, ní 2011 ìwé kan sọ àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé màlúù, ewúrẹ́ àti ẹtu di 279 láti 143, lójú tèmi ìyẹn ti pọ̀jù, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ò sì gbà á.

Pípín tí wọ́n pín erin ní tiẹ̀ mọ́gbọ́n dání. DNA fi hàn ní 2001 pé erin inú igbó yàtọ̀ sí erin inú ọ̀dàn, ní 2021 IUCN, àjọ àgbáyé tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu sílẹ̀, wá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbà yẹn la tó rí i pé ti inú igbó, irú èyí tó kù ní igbó Ọmọ nípìnlẹ̀ Ògùn, ló wà nínú ewu jù. Nígbà tí wọ́n ṣì ń kà wọ́n pọ̀, iye ti ọ̀dàn ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin kan béèrè nípa ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun. Ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní mona wà níbẹ̀. Wọ́n ti fìgbà kan ka ọ̀bọ Campbell tó wà lápá Sierra Leone mọ́ ọn, wọ́n ti yà wọ́n báyìí. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo ojú ẹ̀, ẹ wo ìdí ẹ̀: àmì funfun méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Campbell ò ní in. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ di bisikíìtì yín mú dáadáa.